Ewé ìta yẹn, ẹ má jù ú nù: ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọ́ tútù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tútù ni mo gbé wá lónìí, èyí tí wọn ò sè, tí wọn ò bọ̀, tí wọ́n kàn fọ̀ tí wọ́n gé tí wọ́n sì ń jẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ nípa ẹ̀ ni pé ìjà ni mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ yìí bá ti jáde, àwọn kan á ní tí iná bá ti kan ewé pẹ́nrẹ́n gbogbo agbára inú ẹ̀ ti tán nìyẹn, àwọn kan á ní ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ ewé tútù, wípé kò dáa fún inú èèyàn rárá. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ewé tútù ní èrè tiẹ̀ tí sísè máa ń dín kù, ṣùgbọ́n èrè yẹn ò kàn ní dédé wọ ara èèyàn, ọwọ́ irú ewé tí ẹ mú ló wà, ọwọ́ ohun tí ẹ jẹ ẹ́ mọ́ ló wà, ọwọ́ bí ẹ sì ṣe tọ́jú ẹ̀ kó tó dé ẹnu ló wà. Ibi tí àlàyé wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì làwọn tó ń jà yẹn kì í dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Omi ló pọ̀ jù. Tí ẹ bá wọn gíráàmù 100 spinach (ẹ̀fọ́ òyìnbó kan tí ewé ẹ̀ dúdú) ní tútù, nǹkan bíi gíráàmù 91 nínú ẹ̀ ló jẹ́ omi, kálórì inú ẹ̀ ò ju 23 lọ, purotéènì ò pé gíráàmù 3, fáíbà fi díẹ̀ lé ní 2. Torí náà ẹni tó bá ń retí pé kí ewé nìkan yó òun kó sì fún òun lágbára iṣẹ́ òòjọ́, kò ní rí i. Àwọn èròjà kéékèèké ni ewé fi lágbára, àwọn tí ara ò nílò ju tín-ń-tín lọ ṣùgbọ́n tí kò bá rí tín-ń-tín yẹn, wàhálà ti dé nìyẹn: fítámì K, folate (ọ̀kan lára àwọn fítámì B), fítámì C, beta-carotene tí ara máa ń sọ di fítámì A, magnesium, potassium, àti lutein tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹyinjú.

Kí ló dé tó jẹ́ inú ewé gan-an làwọn nǹkan yìí kó ara wọn jọ sí? Ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí wù mí púpọ̀, torí òun ló jẹ́ kí n mọ ewé tí mo lè mú láìṣẹ̀ṣẹ̀ ka nǹkan kan. Ewé ni ilé ìdáná ohun ọ̀gbìn, ibẹ̀ ló ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ ara ẹ̀, àwọn nǹkan tí à ń pè ní fítámì yìí sì wà lára irinṣẹ́ tó fi ń ṣe é. Magnesium ló wà láàárín chlorophyll tó jẹ́ kí ewé ní àwọ̀ ewé. Fítámì K1 wà lára ohun tó ń gbé agbára ìmọ́lẹ̀ kiri nínú ewé. Lutein àti beta-carotene ń bá a gba ìmọ́lẹ̀ tó bá ti pọ̀ jù kó má ba jó ewé, fítámì C náà wà níbẹ̀ tó ń bá a pa májèlé tí oòrùn líle ń fà sínú ẹ̀. Ewé tó bá rí oòrùn dáadáa, tó ṣú dúdú, òun ló nílò irinṣẹ́ yìí jù, òun náà ló ní i jù. Èyí tó sá pamọ́ sáàárín, tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó funfun tàbí tí àwọ̀ ẹ̀ ṣí, kí ló fẹ́ fi irinṣẹ́ ṣe?

Ẹ wo lẹ́tùúsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní iceberg, tó dì mọ́ra bíi bọ́ọ̀lù tó sì funfun nínú, fítámì A tó wà nínú gíráàmù 100 ẹ̀ jẹ́ bíi máíkrógíráàmù 25. Romaine tó ga tó sì ní ewé dúdú, tiẹ̀ lé ní 430. Fítámì K, iceberg ní bíi 24, romaine ní bíi 102. Lẹ́tùúsì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì o! Nínú kábéèjì kan ṣoṣo pàápàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bó o látìta lọ sínú kí ẹ máa wò ó, ewé ìta nípọn, ó dúdú, iṣan ẹ̀ hàn ketekete, tó bá fi máa dé ewé kẹrin tàbí ìkarùn-ún àwọ̀ ti ń ṣí, nígbà tó bá máa dé àárín ó ti di funfun pátápátá. Èyí tó ní nǹkan nínú jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ya jù sí pàǹtírí torí ó le díẹ̀ tàbí torí kòkòrò jẹ ẹ́ létí. Mo bẹ̀ yín, tí kò bá ti jẹrà, ẹ gé ibi tí kòkòrò jẹ kúrò, ẹ fọ èyí tó kù dáadáa, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ jẹ ẹ́.

Fítámì K ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí torí òun lewé fi ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ lọ. Henrik Dam, onímọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, ló rí i nígbà tó ń fún àwọn ọmọ adìyẹ ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá nínú rárá, ló bá di pé ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn tí kì í dì. Òun àti Edward Doisy ní Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943 lórí ẹ̀. Láìsí fítámì yìí, ẹ̀dọ̀ ò ní lè ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ, egungun náà nílò ẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa rí lójúmọ́ jẹ́ máíkrógíráàmù 90 fún obìnrin, 120 fún ọkùnrin, gíráàmù 100 spinach tútù sì ní bíi 480 nínú. Parsley tí àwọn èèyàn kàn ń wọ́n lé oúnjẹ lórí kó lè rẹwà, tiẹ̀ lé ní 1,600! Ìkúnwọ́ kékeré ti tó fún odindi ọjọ́.

Àmọ́ o, ẹni tó bá ń lo oògùn warfarin torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì sínú iṣan, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí. Fítámì K ni oògùn yẹn ń bá jà, tí ẹ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ abọ́ ewé ńlá lójoojúmọ́, oògùn ò ní ràn mọ́, tí ẹ bá sì ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ṣàdédé dá a dúró, oògùn lè pọ̀ jù lára kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Wọn ò ní kí ẹ má jẹ ewé. Wọ́n ní kí ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ má máa yí padà gìrì, kí dókítà yín sì mọ̀ kí ẹ tó yí i.

Folate náà ńkọ́? Inú spinach gan-an ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde lọ́dún 1941 ní Yunifásítì Texas, Herschel Mitchell, Esmond Snell àti Roger Williams ló ṣiṣẹ́ yẹn, tọ́ọ̀nù 4 spinach ni wọ́n lọ̀ kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba tín-ń-tín kó jọ. Gbogbo ibi tí ara bá ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun ló ti nílò ẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìfun, àti jù gbogbo ẹ̀ lọ nínú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sínú ìyá ẹ̀. Ibi tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún bá dúró, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ rárá pé àwọn ti lóyún, tí folate bá sì kéré lára lásìkò yẹn, ewu wà pé kó má pa dé tán. Àgbàlagbà nílò máíkrógíráàmù 400 lójúmọ́, aboyún nílò 600. Spinach tútù ní bíi 194 nínú gíráàmù 100, èyí tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì da omi ẹ̀ nù ní bíi 146, ohun tó kúrò níbẹ̀, inú omi tí wọ́n dà nù yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń retí oyún tàbí tí ẹ ti lóyún, ẹ jọ̀ọ́, ewé ò rọ́pò oògùn folic acid (folate tí wọ́n ṣe ní oògùn) tí wọ́n bá fún yín o, ẹ máa lo oògùn yín, kí ewé wà pẹ̀lú ẹ̀.

Fítámì C ni iná ń fojú ẹ̀ rí màbo jù. Iná ń bà á jẹ́, omi ń fà á lọ, afẹ́fẹ́ náà ò fi í sílẹ̀. Spinach tútù ní bíi mílígíráàmù 28 nínú gíráàmù 100, tí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́ tí wọ́n sẹ́ omi ẹ̀, ó ti di bíi 10. Kale tútù, ìbátan kábéèjì tí ewé ẹ̀ dúdú, ní bíi 90 sókè, èyí tó tó ohun tí àgbàlagbà ọkùnrin nílò fún odindi ọjọ́. Iṣẹ́ fítámì C yìí ò sì mọ sórí ara ẹ̀ nìkan, áyọ́ọ̀nù (iron) tó wà nínú ewé, irú èyí tó ṣòro fún ìfun láti gbà ni, kò dà bí èyí tó wà nínú ẹran, tí fítámì C bá wà nínú oúnjẹ kan náà ìfun á gbà á dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tàbí kí ẹ gé tòmátò sí i. Tíì ni kí ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn oúnjẹ bíi wákàtí kan tàbí méjì, torí ohun tó jẹ́ kí tíì korò díẹ̀ yẹn máa ń di áyọ́ọ̀nù mú tí ara ò ní rí i lò.

Ó yá, ibi tí àwọn tó ń sọ pé tútù nìkan ló dáa kì í fẹ́ dé nìyí. Gbogbo ìṣirò gíráàmù 100 tí mo ń ṣe látòkè yìí lè tan èèyàn jẹ, torí gíráàmù 100 ewé tútù, abọ́ ńlá tó kún dẹ́nu ni, tí ẹ bá sè é, á sún kì títí á fi di ìkúnwọ́ kan. Ta ló máa ń jẹ abọ́ ewé tútù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣùgbọ́n èèyàn lè jẹ abọ́ mẹ́ta tó ti sún kì láìmọ̀. Ìkejì ni pé beta-carotene àti lutein wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewé tí ògiri ẹ̀ le, èyí tí iná ti rọ̀, ìfun á rí nǹkan yọ nínú ẹ̀ ju èyí tó tutù lọ. Torí náà tó bá jẹ́ folate àti fítámì C lẹ ń wá, tútù ló borí, tó bá jẹ́ fítámì A àti lutein, èyí tí wọ́n fi iná díẹ̀ kàn máa ń borí, fítámì K ní tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù iná. Èmi fúnra mi, mò ń jẹ méjèèjì, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí lutein àti beta-carotene látinú ewé tútù, nǹkan méjì ni kó ṣe: kó gé e wẹ́wẹ́ kó sì jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kó kúnná, kó sì fi ọ̀rá sí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, torí àwọn tó ń jẹ sàláàdì kí wọ́n lè fọn ni wọ́n máa ń sá fún òróró jù. Lọ́dún 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Iowa State fún àwọn èèyàn ní sàláàdì kan náà, spinach, romaine, tòmátò, kárọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń yí ohun tí wọ́n dà lé e lórí padà, nígbà kan kò ní ọ̀rá rárá, nígbà kan ọ̀rá ẹ̀ dín kù, nígbà kan ọ̀rá ẹ̀ pé. Wọ́n wá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Lọ́jọ́ tí kò sí ọ̀rá, ohun tó wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn nínú àwọn èròjà aláwọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá! Lọ́jọ́ tí ọ̀rá pé, ó wọlé dáadáa. Àbí ẹ ò rí nǹkan, èèyàn á fara balẹ̀ jẹ ewé dúdú gbogbo, á wá jẹ́ pé ẹnu lásán ló gbà kọjá. Fítámì K náà, ọ̀rá ló ń bá wọlé. Ṣíbí òróró ólífì kan tàbí méjì, tàbí ààbọ̀ píà, tàbí ẹyin sísè, tàbí ẹ̀pà díẹ̀ tí ẹ fọ́ lé e lórí, ti tó.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa mọ̀lẹ́bí kábéèjì, kale, bok choy, watercress àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, torí iṣẹ́ ìyanu kékeré kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tútù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ já ewé kale kan, ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé e súnmọ́ imú. Òórùn tó ta yín nímú yẹn, kò sí níbẹ̀ kí ẹ tó fún un. Èròjà kan wà nínú àwọn ewé yìí tí wọ́n ń pè ní glucosinolate, ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn) wà ní yàrá ọ̀tọ̀ nínú ewé kan náà, myrosinase lorúkọ ẹ̀, tí ọ̀bẹ tàbí eyín bá ti fọ́ ògiri àárín wọn báyìí, wọ́n á pàdé, wọ́n á dá nǹkan tuntun sílẹ̀, èyí tó ń ta lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tuntun yìí ni sulforaphane, èyí tí Paul Talalay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Johns Hopkins yọ jáde látinú broccoli lọ́dún 1992 tí wọ́n sì rí i pé ó máa ń jí àwọn ẹ́ńsáìmù tí ara fi ń fọ májèlé kúrò. Iná ń pa myrosinase. Ẹni tó bá fẹ́ sè é, kó gé e, kó fi sílẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó gbé e kaná, iṣẹ́ yẹn á ti parí kí iná tó dé. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ tútù, eyín ẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́, torí náà ẹ máa jẹ ẹ́ kúnná.

Wọ́n sì máa ń bi mí nípa gẹ̀gẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ewé yìí ní èròjà tó lè dí thyroid, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, lọ́wọ́ láti rí áyódíìnì (iodine) lò, pàápàá ní tútù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, New England Journal of Medicine, gbé ọ̀rọ̀ ìyá àgbàlagbà ẹni ọdún 88 kan jáde tó ń jẹ bok choy tútù kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó rò pé á bá òun mú ìtọ̀ ṣúgà rọlẹ̀, thyroid ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ débi pé wọ́n gbé e dé ọsibítù láìlè rìn láìlè gbé nǹkan mì. Kílò kan ààbọ̀! Abọ́ kan lójúmọ́ fún ẹni tí áyódíìnì ò wọ́n lára ẹ̀ ò súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Ẹni tí thyroid ẹ̀ ti ní wàhálà tẹ́lẹ̀ ni kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì máa se púpọ̀ nínú tiẹ̀.

Spinach náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Kálíṣíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀ tí ẹ bá ka nọ́ńbà, ṣùgbọ́n èròjà míì tó wà níbẹ̀, oxalate, ti dì í mú. Robert Heaney, Connie Weaver àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ̀n ọ́n lára èèyàn lọ́dún 1988, bíi ìdá 5 nínú 100 kálíṣíọ̀mù spinach ló wọ ara, ti mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28. Nígbà tí wọ́n dán kale wò lọ́dún 1990, bíi 41 nínú 100 ló wọlé, ó ju ti mílíìkì lọ. Torí náà ẹni tó bá ń wá kálíṣíọ̀mù látinú ewé, kale ni kó mú, kó fi spinach sílẹ̀ fún folate àti fítámì K. Oxalate yìí kan náà ló máa ń di òkúta inú kíndìnrín fún àwọn tí ara wọn gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ní i rí, kó má sọ spinach tútù di oúnjẹ ojoojúmọ́, bíbọ̀ kí á sì da omi ẹ̀ nù máa ń dín in kù dáadáa. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ti àwọn tó ń fi búlẹ́ńdà lọ spinach rẹpẹtẹ mu láràárọ̀, torí ẹnu ò lè jẹ iye tí ife kan ń gbé. Àwọn dókítà ti rí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bàjẹ́ látàrí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nitrate, orúkọ yẹn máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn torí wọ́n gbọ́ ọ nípa ẹran inú agolo, ṣùgbọ́n inú ewé ló ti pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rere ẹ̀ wà. Tí ẹ bá jẹ arugula (ewé sàláàdì kan tó ń ta lẹ́nu) tàbí spinach, nitrate á wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á kó díẹ̀ nínú ẹ̀ padà wá sínú itọ́, àwọn bakitéríà tó ń gbé ní ẹ̀yìn ahọ́n á sọ ọ́ di nitrite, ẹ ó gbé e mì, ara á wá sọ ọ́ di nitric oxide tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tú, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru lè rọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn bakitéríà ẹnu yẹn ṣe pàtàkì débi pé tí èèyàn bá ń fi omi ìfọnu tó ń pa kòkòrò yọ ẹnu, ètò yẹn á dín kù gan-an. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù o.

Fún ọpọlọ, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Rush ní Chicago, Martha Clare Morris ló ṣáájú wọn, tẹ̀ lé àgbàlagbà 960 fún bí ọdún 4.7, àbájáde ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Neurology lọ́dún 2018. Àwọn tó ń jẹ ewé dúdú bí abọ́ kan lójúmọ́, tútù tàbí sísè, ọpọlọ wọn ò tètè rẹ̀yìn, ìyàtọ̀ àárín wọn àti àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọdún 11 kéré sí wọn. Wíwò ni wọ́n wò wọ́n, ìyẹn nìkan ò fi hàn gbangba pé ewé ló ṣe é, torí àwọn tó ń jẹ ewé lè máa ṣe nǹkan míì tó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ohun téèyàn fẹ́ pàdánù níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀ wàyí. Ewé tí wọ́n já ṣì ń mí, ó ń jẹ ohun inú ara ẹ̀. Ìwádìí kan ní Yunifásítì Penn State lọ́dún 2004 fi hàn pé spinach inú náílọ́nù tí wọ́n gbé sí fíríìjì ní ìwọ̀n ooru 4 pàdánù bí ìdajì folate ẹ̀ láàárín ọjọ́ 8, tó bá jẹ́ ìwọ̀n 20 ni, ọjọ́ 4 péré. Nítorí náà ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ tán kíákíá, ẹ gbé e sí fíríìjì lójú ẹsẹ̀, ẹ má gé e títí ẹ fi máa jẹ ẹ́, ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi fún ìgbà pípẹ́. Ewé tó ti rọ tó ti ń yọ̀ lọ́wọ́, kò sí nǹkan gidi kan tó kù níbẹ̀ téèyàn ń tìtorí ẹ̀ jẹ ẹ́ ní tútù.

Fífọ̀ ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí kò sí iná tó máa bá yín pa kòkòrò. Lọ́dún 2006 ní Amẹ́ríkà, spinach tútù tí bakitéríà kan tó ń jẹ́ E. coli O157:H7 wọ̀ mú bí èèyàn 200 ṣàìsàn, àwọn kan kú nínú wọn. Lọ́dún 2018, romaine tó wá láti agbègbè Yuma ní Arizona tún gbé bakitéríà yìí kan náà wá, èèyàn 210 ló kó o ní ìpínlẹ̀ 36, èèyàn 5 kú. Omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ìgbẹ́ ẹran, ọwọ́ ẹni tó já a, ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ẹ fọ ọwọ́ yín kọ́kọ́, ẹ ya ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn tó sì mọ́, ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn ẹ̀ àti ìdí rẹ̀ níbi tí iyẹ̀pẹ̀ máa ń há sí, lẹ́yìn náà ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ gbẹ ẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, ewé máa ń mu ọṣẹ sára. Pákó tí ẹ fi gé ẹran tútù, kó má kan ewé rárá. Kí n sì sọ òótọ́, fífọ̀ ń dín kòkòrò kù ni, kì í pa gbogbo ẹ̀, torí náà níbi tí omi ò bá ti ṣeé fọkàn tán, tàbí fún ẹni tí àìsàn ti sọ ara ẹ̀ di aláìlágbára, àti aboyún tí kò mọ orísun ewé, ẹ sè é. Gbogbo ewé kọ́ náà ló ṣeé jẹ ní tútù, ewé rhubarb ní májèlé, ewé ẹ̀gẹ́ ní májèlé cyanide tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gún kí wọ́n sì sè jáde kúrò nínú ẹ̀.

Ewé ò sì ní fítámì B12, kálórì ẹ̀ kéré, ọmọdé tí inú ẹ̀ ò tóbi ò lè fi ewé yó kó sì rí ohun tó fi máa dàgbà. Ó yẹ kí oúnjẹ tó lágbára wà níwájú ẹ̀ kí ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tí inú ẹ̀ bá máa ń wú tó bá jẹ ewé tútù, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀, kó lo lẹ́tùúsì dúdú tàbí ọmọ spinach fún ìgbà díẹ̀ kó tó kan kale àti kábéèjì, ìfun máa ń mọ́ ọn lára tó bá yá. Tó bá sì wá kan kale, ẹ má kàn gbé e sẹ́nu bẹ́ẹ̀, torí ó le. Ẹ ya ewé kúrò lára igi àárín ẹ̀, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ da ṣíbí òróró kan lé e pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì rún un bí ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ máa rí i tí àwọ̀ ẹ̀ á ṣú sí i tó sì máa sún kì sí bí ìdajì. Ẹ fi píà sí i, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.